Ueshiba Morihei, Bàbá Àíkídò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá rí mi, ẹ ó gbà pé èmi kọ́ ni ó yẹ kí ó máa sọ̀rọ̀ ìjà. Mo kúrú, mo sì tín-ín-rín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé atẹ́gùn ọyẹ́ lè gbé mi lọ. Ní ìparí ọdún kejì mi ní yunifásítì, ọmọkùnrin kan já fóònù gbà mọ́ mi lọ́wọ́ ní àṣálẹ́, ní ẹ̀yìn ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ó sì gbá mi létí tí ojú mi fi ṣú. Fóònù náà kò dùn mí tó ìgbátí náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó bí èmi àti ọmọkùnrin náà yóò ṣe tún pàdé, tí n ó sì san án fún un. Ìdí nìyí tí mo fi lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn kan tí wọ́n ń kọ́ irú ìjà ilẹ̀ Jàpáànù kan tí à ń pè ní àíkídò. Ẹ wá wò ó o, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀gá wa fi kọ́ wa ní bí a ti í ṣubú! Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, a kò jù ú. Inú bí mi, mo sì bi ọ̀gá wa léèrè pé ta ni ó dá irú ìjà báyìí sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ ka ìtàn ẹni náà. Ohun tí mo bá nínú ìtàn ọ̀hún ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìlú Tanabe ni wọ́n ti bí Ueshiba Morihei, ní ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá, ọdún 1883. Ìlú etí òkun ni Tanabe í ṣe, ní agbègbè Wakayama, ní ilẹ̀ Jàpáànù. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi orúkọ ìdílé ṣáájú orúkọ àbísọ. Ueshiba ni orúkọ ìdílé, Morihei ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ. Yoroku ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, àgbẹ̀ tí ó ní ilẹ̀ lọ́wọ́ ni, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Yuki ni orúkọ ìyá rẹ̀. Morihei nìkan ni ọkùnrin láàárín àwọn ọmọ wọn. Obìnrin ni gbogbo àwọn yòókù. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti í rí lójú òbí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún yìí, olókùnrùn ni. Ara rẹ̀ kò le rárá. Inú ilé ni ó fẹ́ràn láti máa jókòó sí, kí ó máa kàwé. Nígbà tí ó ṣì kéré, wọ́n rán an lọ sí tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan kí ó lọ kọ́ ìwé àwọn ará Ṣáínà àtijọ́. Ìtàn iṣẹ́ ìyanu Kobo Daishi, àlùfáà ńlá kan tí ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó gba gbogbo ọkàn ọmọ náà, tí ó fi ń lá àlá rẹ̀ lóru. Èyí kọ bàbá lóminú. Yoroku fẹ́ kí ọmọ òun gbó, kí ó sì le. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ náà kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, kí ó sì máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ja sumo, èyí tí í ṣe ìjàkadì àwọn ará Jàpáànù.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó wá ṣe ohun tí gbogbo ìrọni bàbá kò lè ṣe. Àwọn alátakò Yoroku nínú ìlú rán àwọn jàǹdùkú sí i. Wọ́n bá a nílé, wọ́n sì lù ú lójú ọmọ rẹ̀. Ọmọdé ni Morihei nígbà náà, kò lè ṣe ohunkóhun ju kí ó máa wò lọ. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ni ó ti pinnu pé òun yóò di alágbára, ohunkóhun tí ì báà ná òun, kí òun lè lé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ dànù lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo kà á dé ibí yìí, mo pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ ohun tí ó wà nínú ọmọ náà.

Kò tètè rí i ṣe. Ó fi ilé ìwé girama sílẹ̀ láìparí, ó lọ kọ́ ìṣirò orí pátákó onílẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ sì yá níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ owó-orí fi gbà á. Iṣẹ́ ìjọba! Ẹlòmíràn ìbá jókòó tì í títí di ọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ṣe òfin tuntun lórí ẹja pípa, tí òfin náà sì fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn apẹja kéékèèké, àwọn apẹja ni òṣìṣẹ́ ìjọba yìí gbè lẹ́yìn. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lọ sí Tokyo lọ ta ìwé àti ohun ìkọ̀wé. Ọ̀sán ni ó fi ń tajà, alẹ́ ni ó fi ń kọ́ jujutsu, ìyẹn ìjà ọwọ́ lásán tí àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ fi sílẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, àìsàn beriberi, èyí tí í máa mú ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò pé, dá a dúró. Ó fi ọjà náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní ọdún 1902 yìí kan náà ni ó gbé Itokawa Hatsu níyàwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ obìnrin yìí sọ́kàn.

Ní ọdún 1903, wọ́n pè é sí iṣẹ́ ológun bí wọ́n ti ń pe gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó kúrú ju ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó kù kò tó ìbú àtàǹpàkò kan. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Ìtàn sọ pé inú igbó ni ó gbà lọ, ó so ohun wúwo mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi bí ọ̀bọ kí egungun rẹ̀ lè fà. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́; èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n, ó pé. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Jàpáànù àti Rọ́ṣíà ní ọdún 1904, ó sì dé ojú ogun. Lẹ́yìn ogun, ó padà sí oko bàbá rẹ̀. Yoroku, tí ayọ̀ rẹ̀ kún, sọ àká inú ọgbà di ibi ìkọ́ṣẹ́ ìjà, ó sì pe olùkọ́ judo wá fún ọmọ rẹ̀. Ní àkókò yìí náà ni ìjọba fẹ́ pa àwọn ojúbọ kéékèèké ìgbèríko rẹ́ mọ́ àwọn ńláńlá, tí ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Minakata Kumagusu sì dìde láti tako wọn ní Tanabe. Morihei wà lára àwọn tí ó tì í lẹ́yìn. Ó jọ pé ọkùnrin náà kò lè rí ẹni tí a ń fi ìyà jẹ kí ó máa wò.

Ọdún 1912 ni ó ṣe ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni ńlá. Hokkaido ni erékùṣù ńlá tí ó wà ní ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ Jàpáànù. Aginjù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà náà, ìjọba sì ń wá àwọn tí yóò lọ tẹ̀ ẹ́ dó. Morihei kó agbo ilé 54 jọ láti agbègbè Tanabe, ó sì kó wọn lọ síbẹ̀. Shirataki ni wọ́n tẹ̀ dó sí. Ìyà jẹ wọ́n: yìnyín bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dún, ohun ọ̀gbìn wọn kò ṣe dáadáa ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, àfi igi gígé ni wọ́n fi ń jẹun. Ní ọdún 1917 iná ńlá jó púpọ̀ nínú abúlé náà di eérú. Morihei ni ó ṣáájú nínú títún un kọ́, wọ́n sì yàn án sínú ìgbìmọ̀ abúlé. Igi gígé àti ilẹ̀ ríro ti sọ olókùnrùn ọjọ́sí di géńdé tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Kí iná yìí tó jó ni ó ti pàdé ẹni tí ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ní ọdún 1915, nínú ilé ìgbàlejò kan ní ìlú Engaru ní Hokkaido, ó bá Takeda Sokaku pàdé, ọ̀gá nínú irú jujutsu tí wọ́n ń pè ní Daito-ryu. Takeda ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, ó sì tún kúrú ju Morihei fúnra rẹ̀ lọ. Géńdé Shirataki gbìyànjú ọwọ́ rẹ̀ wò lára bàbá yìí, bàbá sì gbé e ṣubú bí ẹní gbé ọmọdé. Nǹkan bí oṣù kan ni Morihei fi jókòó tì í nínú ilé ìgbàlejò náà. Lẹ́yìn èyí, ó mú un wá sí Shirataki, ó kọ́lé fún un, ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń tọ́jú omi ìwẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sanwó fún ohun tí ó ń kọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti í sin ọ̀gá rẹ̀. Takeda kì í ṣe ènìyàn tí ó rọrùn láti sìn. Ọkùnrin líle ni, a máa fura sí gbogbo ènìyàn, kò sì sí ohun tí ó kọ́ ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìnwá ọ̀la, àárín wọn kò dán mọ́rán mọ́. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á pe adé ní adé: púpọ̀ nínú ọwọ́ tí àwa ọmọ àíkídò ń lọ́ lónìí, láti ọ̀dọ̀ Takeda ni ó ti wá. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ueshiba kì í fẹ́ tẹnu mọ́ èyí. N kò rí ohun tí ó ń tì wọ́n lójú níbẹ̀.

Ní òpin ọdún 1919, iṣẹ́ dé sí i pé ara bàbá rẹ̀ kò yá rárá. Ó fi ilé rẹ̀ ní Shirataki sílẹ̀ fún Takeda, ó sì wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, ó gbọ́ nípa Deguchi Onisaburo, olórí ẹ̀sìn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Omoto ní ìlú Ayabe, ó sì yà síbẹ̀ láti lọ gbàdúrà fún bàbá rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó fi dé Tanabe ní oṣù Kìíní ọdún 1920, Yoroku ti kú. Ìbànújẹ́ yìí mú un débi pé àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù nítorí rẹ̀. Ní ọdún náà kan náà, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sí Ayabe kí ó lè wà nítòsí Deguchi. Kò tíì pé ọdún kan tí àìsàn fi mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ, Takemori àti Kuniharu. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, àbúrò kò ju ọmọ ọdún kan lọ.

Mo máa ń ronú lórí ọdún 1920 yìí ju gbogbo ọdún yòókù nínú ìtàn rẹ̀ lọ. Nítorí bàbá rẹ̀ ni ó fi wá agbára, agbára náà sì ti dé, ṣùgbọ́n kò bá bàbá láàyè. Ọmọ méjì sì kú mọ́ òun àti Hatsu lójú. Kò sí ọwọ́ tí ènìyàn lè lọ́ nínú ìyẹn. Kò sí jàǹdùkú kankan níbẹ̀ tí ó lè lé jáde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1921, Hatsu bí ọmọkùnrin mìíràn, Kisshomaru, èyí sì yè.

Ohun tí ó ṣe ní ọdún 1924, n kò lè yìn ín fún un. Deguchi, tí ìjọba ti fi ẹ̀sùn kàn tí ẹjọ́ rẹ̀ kò sì tíì parí, yọ́ jáde kúrò ní ìlú, òun àti Morihei àti àwọn díẹ̀ mìíràn, wọ́n kọrí sí ilẹ̀ Mòǹgólíà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ dá ìjọba ẹ̀sìn àti àlàáfíà sílẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gágun olóhun-ìjà kan ni wọ́n gbára lé. Àwọn sójà Zhang Zuolin, alágbára tí ń jọba lórí ìhà ibẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, mú wọn. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n, wọ́n tò wọ́n láti yìn wọ́n níbọn, díẹ̀ ni ó kù. Aṣojú ìjọba Jàpáànù ni ó gbà wọ́n sílẹ̀. Ilé ni Hatsu wà pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta.

Lẹ́yìn tí ó ti wo ẹnu ìbọn báyìí tí ó sì padà wálé, ọkùnrin náà kò rí bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1925, ọ̀gá ológun ojú omi kan tí ó mọ idà jù dáadáa wá sí Ayabe, ọ̀rọ̀ sì di àríyànjiyàn láàárín wọn. Ọ̀gá ológun náà mú idà onígi. Morihei kò mú nǹkankan. Gbogbo bí ọ̀gá náà ti ń ṣá a, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yẹ̀ ẹ́, kò sì na ọwọ́ lù ú rárá, títí tí ó fi rẹ ẹni tí ó mú idà, tí ó sì jókòó sílẹ̀. Morihei lọ sídìí kànga inú ọgbà láti lọ bọ́jú. Ó máa ń sọ lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti mì lábẹ́ òun, tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wúrà bo òun, tí ó sì yé òun pé iṣẹ́ jagunjagun kì í ṣe láti borí ẹlòmíràn bí kò ṣe láti dáàbò bo gbogbo ẹ̀dá pẹ̀lú ìfẹ́. Kí olúkúlùkù gba ti ìmọ́lẹ̀ náà bí ó bá ti rí i. Èmi gba ti ọkùnrin tí ó mú idà, tí wọn kò lù, tí ó sì jókòó sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́.

Ó yẹ kí n sọ bí ìjà yìí ti rí gan-an, kí ó má bàa dà bí àlọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀: ai ni ìrẹ́pọ̀, ki ni èémí tàbí agbára ẹ̀mí, do ni ọ̀nà. Bí ẹnìkan bá fi agbára tì ọ́, ìwọ kò ní í tì í padà. O ó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, o ó sì yí pẹ̀lú rẹ̀, kí agbára tí ó gbé wá lè máa gbé òun fúnra rẹ̀ lọ. Bí ó bá di ọrùn-ọwọ́ rẹ mú, ọrùn-ọwọ́ tirẹ̀ ni ìwọ yóò lọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wólẹ̀, o ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìṣẹ́ ẹ léegun. Méjìméjì ni a máa ń kọ́ ọ lórí ẹní. Èmi yóò kọlù ọ́, ìwọ yóò gbé mi ṣubú. Lẹ́yìn náà ìwọ yóò kọlù mí, èmi yóò gbé ọ ṣubú. Ìdí nìyí tí ọ̀gá wa fi kọ́ wa ní ìṣubú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: bí n kò bá mọ bí a ti í yí gbirigbiri dìde, ẹnikẹ́ni kò lè fi mí kọ́ṣẹ́. Nínú èyí tí Ueshiba fi sílẹ̀, kò sí ìdíje, kò sí ife ẹ̀yẹ, yàtọ̀ sí judo tí ó wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo ní ọdún 1964. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Tomiki Kenji, ni ó fi ìdíje sí ti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ní ti ìlera, kí n má purọ́, n kò mọ eré ìdárayá tí ó ń mú ènìyàn làágùn báyìí: ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣubú kí ẹ sì dìde ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín wákàtí kan. Ní ti ìdáàbò bo ara ẹni, ó gba ọdún púpọ̀ kí ó tó wọ ènìyàn lára, kò sì sí ẹni tí yóò fi dojú kọ ìbọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohun tí yóò lò ní ọ̀la, kí ó kọ́ eré sísá.

Ìròyìn rẹ̀ dé etí àwọn ẹni ńlá. Takeshita Isamu, ọ̀gá àgbà nínú ológun ojú omi, ni ó fà á wá sí Tokyo, ó sì kó ìdílé rẹ̀ wá síbẹ̀ ní ọdún 1927. Ní ọdún 1930, Kano Jigoro, ẹni tí ó dá judo sílẹ̀, wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó rí wú u lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn tirẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ueshiba. Bí ẹni tí ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ bá lè ṣe èyí, ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1931 wọ́n kọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ ńlá fún un ní Wakamatsu-cho ní Tokyo, wọ́n sọ ọ́ ní Kobukan. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ le débi pé ọ̀run àpáàdì ni àwọn ènìyàn ń fi orúkọ ilé náà pè. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn, Kunigoshi Takako, ni ó fi ọwọ́ ya àwọn àwòrán inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ueshiba ní ọdún 1933.

Fíìmù kan wà tí wọ́n ya iṣẹ́ rẹ̀ sí ní Osaka ní ọdún 1935. Mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá. Ọkùnrin kúkúrú onírùngbọ̀n kan ni, àwọn géńdé ń rọ́ lù ú, wọ́n sì ń fò kúrò lára rẹ̀ bí àgbàdo tí à ń yan. Mo máa ń ṣe iyè méjì nígbà mìíràn, nítorí ó jọ pé àwọn kan nínú wọn ti ṣubú kí ọwọ́ tó kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń rántí pé Kano wà níbẹ̀ tí ó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ ní 1930, Kano kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n lè fi idán tàn jẹ.

Ibi tí ìtàn yìí ti le fún mi nìyí. Ní ọdún 1935 kan náà, ìjọba kọlu ẹ̀sìn Omoto, wọ́n wó àwọn ilé rẹ̀ palẹ̀, wọ́n sì kó Deguchi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Wọn kò mú Ueshiba, nítorí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ dáàbò bò ó. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹ́sìn náà kò dárí èyí jì í. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn sójà ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó ń kọ́ àwọn amí ìjọba, ní àkókò tí ogun Jàpáànù ń run ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹni tí ó rí ìmọ́lẹ̀ ìfẹ́ ní 1925 ni ó ń ṣe èyí. Àwọn kan ní kò sí bí ó ti lè kọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí àwọn apẹja nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún mọ bí a ti í kọ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, n kò sì lè fi ọwọ́ bo èyí mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ó ṣe, ó kọ̀. Ní ọdún 1942, nígbà tí ogun gbóná jù, ó fi gbogbo ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ológun sílẹ̀, ó fi ilé Tokyo sí ọwọ́ Kisshomaru, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òun àti Hatsu sì kó lọ sí abúlé Iwama ní agbègbè Ibaraki. Ọdún yìí ni orúkọ náà, àíkídò, fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní Iwama, ilé kékeré ni wọ́n ń gbé. Ó ń roko ní àárọ̀, ó kọ́ ojúbọ kan sínú igbó, ó sì ń kọ́ ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ní Tokyo, nígbà tí bọ́m̀bù ń rọ̀ ní 1945 tí gbogbo àdúgbò ń jó, Kisshomaru àti àwọn aládùúgbò ń fi omi pa iná kí ilé ìkọ́ṣẹ́ bàbá rẹ̀ má bàa jó. Ilé náà kò jó. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ogun lé kúrò nínú ilé wọn ni ó wá ń sùn lórí ẹní ibẹ̀.

Ogun parí, Jàpáànù ṣubú, àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó gba ìlú sì fi òfin de ẹ̀kọ́ ìjà. Ní ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ Aikikai ní ìwé àṣẹ. Kisshomaru ni ó ṣe wàhálà rẹ̀, iṣẹ́ oṣù ni ó sì ń ṣe lọ́sàn-án kí ilé ìkọ́ṣẹ́ má bàa tì. Bàbá kò fẹ́ kí á máa fi iṣẹ́ yìí han ẹnikẹ́ni tí kò bá ní onígbọ̀wọ́. Ọmọ ni ó bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi gbà, wọ́n sì fi hàn fún gbogbo ayé ní orí òrùlé ilé ìtajà ńlá Takashimaya ní Tokyo ní 1956. Kí ọdún yẹn tó dé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbé e dé ilẹ̀ Faransé àti Hawaii. Ní 1961, Ueshiba fúnra rẹ̀, tí ó ti di ẹni ọdún 77, wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Hawaii. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ jà ní ogún ọdún sẹ́yìn, ó ní afárá ni òun wá tẹ́. Ìjọba Jàpáànù fi oyè dá a lọ́lá ní 1960 àti ní 1964.

Ẹnìkan wà nínú ẹgbẹ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ tí ó ga, tí ó sì sanra. Nígbà tí a kọ́kọ́ ní kí ó di ọrùn-ọwọ́ mi mú, ọmọkùnrin tí ó gbá mi létí ni mo rí. Mo fi gbogbo agbára mi fà á, kò mì. Mo tún fà á, kò mì. Ọ̀gá wa ní kí n dẹ èjìká mi, kí n sì tẹ̀ lé e lọ sí ibi tí ó ń tì mí sí. N kò mọ ìgbà tí ó wólẹ̀. Ó yí gbirigbiri dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún na ọwọ́ sí mi pé kí á tún un ṣe.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, Ueshiba fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ènìyàn fún ìgbà ìkẹyìn. Àrùn jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyí sọ pé wọ́n ní láti máa dì í mú kí ó tó lè gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé orí ẹní, yóò nàró, àwọn géńdé yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin, ó kú ní Tokyo ní ẹni ọdún 85. Kisshomaru gba iṣẹ́ náà, ó sì di ipò bàbá rẹ̀ mú títí di ìgbà tí òun náà kú ní 1999. Moriteru, ọmọ Kisshomaru, ni ó bọ́ sí i. Wọ́n gbé eérú Ueshiba padà sí Tanabe, sí tẹ́ḿpìlì Kozan-ji.

Àwọn ìwé tí mo kà kò sọ púpọ̀ nípa Hatsu. Òun ni ó tẹ̀ lé ọkùnrin náà lọ sínú yìnyín Hokkaido, òun ni ó sin ọmọ méjì ní Ayabe, òun ni ó dúró ti ọmọ kẹta nígbà tí ọkọ ń rìn ní Mòǹgólíà, òun ni ó sì bá a roko ní Iwama. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Hatsu náà kú.